Ta Ni Yóò Gba Bọ́ọ̀lù Lọ́wọ́ Láolú?

Ọjọ́ Àìkú, 29 Júùnù

Ooru mú gan-an. A tún fìdí rẹmi nínú béésíbọ́ọ̀lù. Àwọn Brixton jẹ ayò méje, àwa Rye jẹ márùn-ún, bẹ́ẹ̀ àwa la wà níwájú títí dé abala karùn-ún nínú méje. Mo gbé àga mi sábẹ́ igi ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, mo sì ń wo bí apá Láolú, àgbà tó ń bá wa ju bọ́ọ̀lù, ṣe ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀lù tó ń jù kò sáré mọ́. Ó ń fò lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ dé ibi tí wọ́n rán an, àwọn ọmọ Brixton sì ń fi igi pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Gbogbo ẹni tó wà ní pápá ló mọ̀ pé ó ti rẹ Láolú. Bánjí ọmọ mi ni máníjà. Lójú ẹni tó jókòó, ohun tó kàn kò le: kí ó rìn lọ sórí òkìtì tí Láolú dúró sí, kí ó na ọwọ́, kí ó gba bọ́ọ̀lù, kí ó gbé e fún Yusrah, ọmọbìnrin tó kàn láti jù ú, tó ti ń gbóná ara lẹ́yìn wáyà láti ìgbà pípẹ́. Bánjí dìde. Ó rìn dé ẹnu ìlà funfun. Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀, ó sì padà lọ jókòó.

Làtíìfù, bàbá Yusrah, tó wà lórí àga kejì, ní, "Akínjídé, okùn bàtà ọmọ rẹ yìí, ṣé òróró ni wọ́n fi pa á ni? Kí ló dé tí kò dúró?"

Mo ní oòrùn ló mú un lójú. Kí ni kí n tún wí?

Ọjọ́ Ajé, 30 Júùnù

Mo lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Rye Lane. Mẹ́ta ni wọ́n ń tà ní pọ́n-ùn méjì báyìí, wọ́n sì tún kéré. Nígbà tí mo fi dé, Bánjí ò tíì jí. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, mo tẹ́tí gbọ́ bóyá ó ń mí. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, mo ń tẹ́tí gbọ́ èémí rẹ̀ bí ìgbà tó wà nínú ibùsùn ọmọ ọwọ́.

Láti oṣù kejì tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti kógbá sílé ló ti padà sọ́dọ̀ mi. Gbogbo oṣù kẹta, ògiri ló kọjú sí. N óò gbé tíì wọlé, n óò tún gbé e jáde ní tútù. Lóṣù kẹrin ni Láolú wá. Kò jókòó, kò mu omi. Ó kan dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó ní, "Bánjí, dìde. A ò ní máníjà." Nígbà tí mo gbọ́ omi nínú balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo dúpẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé eré ni mo ń lọ wò ní ọjọ́ Sunday, kò mọ ohun tí mo ń lọ wò.

Ọjọ́bọ̀, 3 Júláì

Mo bi í níbi oúnjẹ. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sunday.

"Bánjí, kí ló dé tí o ò pe Yusrah?"

"Daddy, Uncle Láolú ló wà lórí òkìtì."

"Mo rí i. Ojú mi ò fọ́."

"Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí wọ́n kọ́ mi ní béésíbọ́ọ̀lù, níbí yìí náà. Àwọn ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Àwọn ló ní kí n wá ṣe máníjà. Ṣé kí n wá na ọwọ́ sí wọn níwájú èrò, kí n ní ẹ gbé e wá? Bí ọlọ́pàá?"

"Àwọn òyìnbó ń ṣe é. Wọ́n á gbà á, wọ́n á lu ara wọn léjìká, ó parí."

"Àwọn òyìnbó ń pe bàbá wọn lórúkọ, Daddy."

Bánjí nìyẹn. Ọmọ tó jẹ́ pé bí o bá fún un ní bísíkíìtì, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbà á, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Inú ìyá rẹ̀ olóògbé máa ń dùn sí i, á máa wo ojú àwọn àlejò bóyá wọ́n rí i.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Júláì

Òjò. Kò sí eré. Ọkàn mi balẹ̀, ṣùgbọ́n kò balẹ̀ dénú.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Júláì

Bánjí ti ronú jinlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó pinnu pé òun kò ní gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àgbà, ṣùgbọ́n òun lè ṣe é kí àgbà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ní abala kẹrin, nígbà tí apá Láolú bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó fi omi rán Jonathan sí i. Jonathan ló máa ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó ń gbá, tó ń mú bọ́ọ̀lù; òun náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Lewisham ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀, àmúlùmálà ni. Láolú mu omi náà tán, ó gbé ọwọ́ sókè sí Bánjí, ó ní, "O ṣeun o, máníjà," ó sì padà sídìí iṣẹ́. Ní abala karùn-ún, Bánjí fi táwẹ́lì ránṣẹ́. Láolú nu ojú, ó nu ọrùn, ó ká táwẹ́lì náà dáadáa, ó dá a padà. Ní abala kẹfà, Bánjí fúnra rẹ̀ kígbe láti ẹnu ìlà pé, "Uncle, ṣé kò rẹ̀ yín?"

"Ó rẹ̀ mí kẹ̀? Bí o bá ní kí n jù ú dọ̀la, n óò jù ú."

Làtíìfù yí sí mi. "Kí wọ́n kúkú gbé oúnjẹ lọ fún un. Bóyá bó bá jẹun yó, á sùn."

Wọ́n fi ayò mẹ́ta lù wá. Yusrah jáde láti ẹ̀yìn wáyà, ìbòrí rẹ̀ rin gbingbin lábẹ́ fìlà. Nọ́ọ̀sì ni ní Camberwell, láti ibi iṣẹ́ alẹ́ ló ti wá. Ó ní, "Daddy Bánjí, ẹ kú ìjókòó. Mo ti ju odindi eré méjì tán lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn o. Ẹyẹlé nìkan ló wò mí."

Lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ, mi ò tètè dìde. Oorun gbé mi lọ lórí àga. Mo rí ìyá Bánjí ní ìkangun pápá lọ́hùn-ún, níbi tí koríko ti ga, ó ró ìró rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ ńlá kan sọ́wọ́ òsì. Ó ń wo òkè. Kò sí ohun tó ń bọ̀, òfuurufú lásán ni, ṣùgbọ́n ó dúró bí ẹni tó mọ̀ pé ohun kan máa já bọ́ láìpẹ́. Mo fẹ́ pè é. Bánjí ló fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ti ká àga kejì mọ́ abẹ́ apá.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Júláì

Ọjọ́ burúkú. Èyí burú ju ọjọ́ tí Brixton lù wá lọ.

Bánjí ṣe ọkàn akin, ó fi Yusrah bẹ̀rẹ̀ eré. Mo rò pé ó ti parí, pé ọ̀nà ti là. Ọmọbìnrin yẹn ń jù ú bí ẹni ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Abala kìíní, kò sí ẹni tó fi igi kan án. Abala kejì, bákan náà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wẹ́ẹ́, ẹnìkan ń dín nǹkan nínú ilé kan lẹ́yìn pápá, òórùn rẹ̀ ń wá, ó ń lọ. Mo ti ń tòògbé.

Ṣùgbọ́n Láolú kò jókòó. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á tú u láti pàtẹ́wọ́ fún Yusrah. Kò ṣe ohun kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí ọrùn Bánjí, mo rí i bó ṣe ń yí lọ yí bọ̀. Àgbà wà lórí ìdúró, àwọn ọmọdé jókòó. Ní abala kẹta, Yusrah ṣèèṣì fún ẹnìkan láyè láti rìn dé béèsì kìíní, ibùdúró àkọ́kọ́ ní ọ̀nà ayò. Ẹnìkan péré. Bánjí sáré jáde. Kò so okùn bàtà kankan. Ó na ọwọ́, Yusrah gbé bọ́ọ̀lù lé e, ó sì pe Láolú wọlé.

Làtíìfù dìde lórí àga rẹ̀. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

"Akínjídé, ó mọ̀ ọ́n gbà."

"Làtíìfù, jọ̀ọ́."

"Rárá, mo kàn ń sọ ọ́ ni. Mo rò pé ọwọ́ ló ń dùn ún. Ó mọ̀ ọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ tèmi."

Ó ká àga rẹ̀, ó bá ti rẹ̀ lọ. Láti ọdún tí a ti mọra, èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń wọ bọ́ọ̀sì. Èmi nìkan ni mo wọ̀ ọ́ lónìí. Ayò kan ni wọ́n fi lù wá.

Jonathan bá Bánjí sọ̀rọ̀ níbi tí mo ti ń gbọ́. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó ní, "Bro, má bínú. Ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀, àwa pẹ̀lú Sydenham. Ẹni tó bá lose máa já sí dífíṣọ̀n ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti sọ̀rọ̀. Bí a bá já, wọ́n fẹ́ kí n gba iṣẹ́ máníjà lọ́wọ́ rẹ. I don't even want it, fam. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ń wò ó."

Bánjí ní ó yé òun.

Ọjọ́rú, 23 Júláì

Aago kan ọ̀sán, kọ́tìnnì rẹ̀ ṣì wà ní títì. Mo gbé tíì wọlé. Mo gbé e jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Júláì

Mo ṣe ohun tí kò kàn mí. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Camberwell, mo lọ bá Láolú nílé. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn láti ilé: Láolú, àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fúnra rẹ, kí ọmọ mi lè rí ayé gbé.

Mo bá a ní kíṣíìnì, ó ki apá ọ̀tún bọ inú abọ́ omi gbígbóná oníyọ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tòun ti omi lára, mo ní kó jókòó. Èjìká rẹ̀ wú bí búrẹ́dì.

"Láolú, kí lèyí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń ṣe mí láti oṣù karùn-ún. Mi ò lè fi ọwọ́ yìí wa ọkọ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ńṣe ni mo máa ń gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́."

"O wá ṣì ń jù ú?"

Ó bu omi náà sórí èjìká rẹ̀. "Bánjí ò tíì ní kí n dúró."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní, "Ẹ wò ó, èmi ni mo fà á dìde lórí ibùsùn. Mo ní kí ó wá ṣe olórí wa. Bí mo bá wá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fúnra mi, tí mo rìn kúrò, kí ni gbogbo wọn máa sọ? Wọ́n á ní àgbà ti rí i pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n á ní èmi gan-an ti kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, òun ni yóò gbà á. Mo kàn ń dúró dè é ni."

Omi tí Bánjí fi ránṣẹ́ ńkọ́? Táwẹ́lì ńkọ́? "Mo rò pé ó ń gbà mí níyànjú ni," Láolú wí.

Mo bú sẹ́rìn-ín, kò dùn mọ́ mi nínú. Mo ní n óò sọ fún un lónìí olónìí. Ó yọ apá kúrò nínú omi, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ẹ má sọ ọ́. Ẹ dákun. Bí ẹ bá sọ fún un, ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi nìyẹn, kì í ṣe òun. Kó wá bi mí fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òun."

Mo ṣèlérí. Nínú bọ́ọ̀sì, mo fi orí ti fèrèsé, ojú pópó ń ṣàn lọ bí omi, àwọn ìyá tó gbé ẹrù, àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn òdòdó tó wà nínú ike níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ń rò ó pé àwọn méjèèjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, olúkúlùkù ń sọ fún ẹnìkejì pé ẹ máa kọ́kọ́ kọjá. Nígbà tí mo lajú, New Cross ni mo wà, mo ti kọjá ibùdókọ̀ mi.

Ìṣẹ́gun, 29 Júláì

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ níbi oúnjẹ alẹ́. Mo la ẹnu. Mo ní ata pọ̀ nínú ọbẹ̀. Bánjí ní ata kankan ò ta òun.

Mo pe Làtíìfù lórí fóònù. Ó gbé e. Ó ní òun ò bínú, pé orúnkún ló ń dun òun. A sọ̀rọ̀ nípa orúnkún.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Ògọ́ọ̀sì

Mo fẹ́ kọ èyí kí n tó jẹun, kí ó má baà yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán yìí yàtọ̀. Kò sí oòrùn gidi, kò sì sí òjò, gbogbo nǹkan dà bí ìgbà tí a bá wò ó láti inú gíláàsì omi. Àwọn Sydenham wọ aṣọ pupa. Làtíìfù wá. Ó ṣí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó na ẹ̀pà sísun sí mi.

Láolú ló bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè wo èjìká rẹ̀. Ayò mẹ́rin sí mẹ́ta la wà níwájú ní abala kẹfà, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹnìkan wà ní béèsì kìíní, ẹnìkan ní ìkejì, ẹnìkan ní ìkẹta. Láolú fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè láti fi nu ojú. Mo rí i. Mo mọ̀ pé Bánjí náà rí i, nítorí ó ti dìde.

Ó rìn dé ẹnu ìlà funfun. Ó dúró.

"Okùn bàtà," Làtíìfù wí, jẹ́jẹ́.

Bánjí kọjá ìlà náà. Ó ń rìn lórí koríko bí ẹni tó ń rìn nínú omi, ó pẹ́ kó tó débẹ̀. Ó ṣí fìlà. Mo ń retí kí ó na ọwọ́. Kò nà án. Níwájú gbogbo èèyàn Sydenham, pẹ̀lú aṣọ funfun tí mo fọwọ́ ara mi lọ̀, ó na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja lórí òkìtì yẹn, àyà kan yẹ̀pẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Láolú.

Rẹfirí sáré dé, ó rò pé ó dákú ni. Àwọn Sydenham méjì ti ń gbé omi bọ̀. Jonathan na apá méjèèjì, ó ń lé wọn sẹ́yìn: "He's fine, he's fine. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni."

A ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ níbi tí a wà. Bánjí ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá. Òun ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbé e fún Yusrah." Láolú ní, "O pẹ́." Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ba, ó fi bọ́ọ̀lù náà sí àárín ọwọ́ Bánjí méjèèjì, ó gbé ọwọ́ òsì lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Ó ṣe é gùn. Rẹfirí ń wo aago.

"Àmín ti tó," Làtíìfù ń wí lábẹ́ ètè, "àmín ti tó, ẹ jẹ́ kí ọmọ mi wọlé."

Yusrah jáde láti ẹ̀yìn wáyà. Ó kúnlẹ̀ fún Láolú kíá bí ẹni tó ń mú nǹkan tó já bọ́, ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Bánjí, ó sì gun òkìtì. Ẹni kìíní, ó fi igi gba afẹ́fẹ́ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnìkejì, bẹ́ẹ̀. Ẹnìkẹta gbá a sílẹ̀, Yusrah fúnra rẹ̀ gbé e, ó sọ ọ́ sí béèsì kìíní. Ẹni mẹ́ta ti jáde, abala kẹfà tán. Àwọn mẹ́ta tó wà lórí béèsì rìn padà sílé wọn lọ́wọ́ òfo.

Abala keje, ó ku ẹnìkan. Ọkùnrin ńlá onírùngbọ̀n kan. Ó gbá a, ó dún bí ẹni fọ́ igi ìdáná. Bọ́ọ̀lù náà kò lọ síwájú, òkè ló lọ, òkè tààrà, ó kéré, ó kéré sí i, títí ó fi dà bí ẹyọ ìrẹsì kan nínú àwọ̀sánmọ̀. Ó dúró níbẹ̀. Mo fi dá ara mi lójú pé ó dúró. Gbogbo pápá gbé ojú sókè, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, mo sì pa ojú mi dé, nítorí mi ò lè fara dà á.

Ọwọ́ Làtíìfù wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Ó ń fún un mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú u sílẹ̀.

"La ojú. Jonathan ti mú un. A ò já mọ́."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà

A ti jẹun. Bánjí jẹ ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ń ròyìn eré náà fún mi bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀, ó ń fi ṣíbí àti abọ́ iyọ̀ ṣe béèsì. Ó dúró lójijì.

"Uncle ní mo pẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ń retí mi ni? Láti ọjọ́ yìí wá?"

Mo bu omi mu. Mo ní, "Ó dáa o. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé o tètè yọ ọ́ jù."

"Kí lẹ wí?"

"Ẹni tó kàn nígbà yẹn, ọlọ́wọ́ òsì ni. Láolú mọ ọlọ́wọ́ òsì jù. Ò bá ti jẹ́ kí ó ju ti ẹni yẹn sí i."

Ó wò mí. Ó gbé orí sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Daddy. Daddy, ẹ̀yin pàápàá."

Mi ò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Ògọ́ọ̀sì

Kùrukùru láàárọ̀, ó tú nígbà tó yá. Wọ́n ti fi Bánjí sípò máníjà fún ọdún tó ń bọ̀. Jonathan ló dábàá, Láolú ló kín in lẹ́yìn. Bánjí ti jáde láti àárọ̀, òun àti Láolú lọ rí dókítà nítorí èjìká yẹn.

Ó wá ku ti Yusrah. Mo rí i bó ṣe di apá mú nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ ń wọ bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Sunday. Ó ju bọ́ọ̀lù púpọ̀ jù lẹ́yìn wáyà yẹn kí wọ́n tó pè é. Ó yẹ kí Bánjí wá ẹlòmíràn kún un. Mo fẹ́ bá a sọ ọ́ bó bá wọlé, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní rẹ́rìn-ín.